Irin Tó Ń Yí Padà Lára Ẹ̀rọ Orrin

Àwọn tó ń sọ pé òkú kì í dá sí ọ̀rọ̀ alààyè kò bá Orrin Stroud gbé rí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí o bá ń já àlùbọ́sà, á gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ láti fi bí wọ́n ṣe ń já a hàn ọ́!

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Verla ìyàwó rẹ̀ fi jókòó tì í nínú gáréèjì wọn ní Challis, ní Idaho, tí wọ́n jọ ń ṣe ọta ìbọn. Wọ́n á kó idẹ òfìfo tí wọ́n ti yìn, wọ́n á rọ ẹ̀tù tuntun sí i, wọ́n á ki òjé bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á wá fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀ kí irin roboto tó wà lókè rẹ̀ fún ẹnu idẹ mọ́ òjé náà lọ́rùn.

"Fún un dáadáa o," ni Orrin máa ń wí. "Òjé tí ò bá dì, bí ìbọn bá ta padà, á yọ orí síta, á sì dá ìbọn dúró."

Ó fi ọ̀dà èékánná Verla fa ìlà pupa kan sára irin roboto náà, ó fa òmíràn sára ẹ̀rọ. Bí ìlà méjèèjì bá ti ṣe rẹ́gí, ó ti tó nìyẹn.

Orrin kú ní oṣù kẹrin. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ìlà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lójú ara wọn.

Verla kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni. Ó yí irin náà sí àyè rẹ̀, ó ti gáréèjì, ó lọ gbé ọbẹ̀ ẹran àgbọ̀nrín kaná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irin ti yí padà sẹ́yìn ní ìdajì ìyípo. Òun nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́. Èyí tó mú orí rẹ̀ wú jù ni pé omi inú garawa ti dì gbagidi, ṣùgbọ́n irin yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ fún? Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbàgbé iná sórí sítóòfù. Raelene, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì ti búra pé bó bá tún gbàgbé ohun kan péré, òun á kó ìbọn àti ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀, òun á mú un lọ sílé òun ní Boise. Gáréèjì yìí sì ni gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún Verla lára Orrin. Ó pa ẹnu mọ́, ó ń yí irin padà láràárọ̀.

Ní Sátidé kan, ó tún un yí, ó yẹ ìlà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti rọ ẹ̀tù sí idẹ mẹ́jọ nínú méjìlá nígbà tí fóònù dún nínú ilé.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ti pa sítóòfù?"

"Mo ti jẹun, mo ti pa á, bàtà ọ̀tún sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ó tó àbí kò tó?"

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀!"

Tìbínú-tìbínú ló padà sídìí ẹ̀rọ. Ó gbé òjé lé gbogbo idẹ méjèèjìlá lẹ́nu, ó ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ, ó ń kùn. Kò fi tọ́ọ̀ṣì wo inú wọn bí Orrin ṣe kọ́ ọ. Ohun tó kàn ṣàkíyèsí ni pé gáréèjì náà móoru ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Ní pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn, Dewey Pruett, ọ̀rẹ́ Orrin láti kékeré, ti ń mu kọfí.

"Verla! Ṣé kí n sá sẹ́yìn mọ́tò ni?"

"Jókòó ẹ jẹ́ẹ́. Ká ní mo fẹ́ pa ọ́ ni, ọjọ́ tó o tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ níbi ijó ìgbéyàwó mi ni mi ò bá ti pa ọ́."

Ó ki ọta mẹ́fà sínú ìbọn Orrin, ó bo etí rẹ̀. Àkọ́kọ́ dún, ìkejì dún, ìkẹta dún. Bó ṣe yin ìkẹrin ni Dewey náà yin tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òtútù ti mú ọwọ́ Verla kú, ó gbà pé tòun ló dún. Ó fẹ́ yin ìkarùn-ún. Ìbọn kọ̀. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì fà á, ilé ọta tó máa ń yí lára ìbọn náà ò yí.

Dewey gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé òjé ìkarùn-ún ti yọ orí síta, ó há mọ́ irin iwájú. Ó fi agbára tú u, ó gbé ọ̀fun ìbọn sókè kó lè rí ojú ọ̀run láti inú rẹ̀. Kò rí ojú ọ̀run. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Verla, òjé ìkẹrin ló há sínú ibí yìí. O ò rọ ẹ̀tù sí i, iná kékeré ìdí idẹ nìkan ló tì í dé ibẹ̀. Ká ní o yin ìkarùn-ún lé e lẹ́yìn, ojú ẹ ni ìbọn yìí ì bá bú sí." Ó gbé ọta tó yọ orí náà sójú ìmọ́lẹ̀. "Wọn ò fún èyí lẹ́nu rárá, òun ló sì gbà ọ́ là. Ta ló ṣe é?"

Verla gba ìbọn àti ọta náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ wọ mọ́tò rẹ̀.

Nígbà tó délé, ìlà pupa ti yẹ̀ ní ìdajì, lọ́sàn-án gangan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Verla jókòó lórí àga Orrin, ó sunkún, torí ohun méjì ló yé e lẹ́ẹ̀kan náà: kì í ṣe òun ló ń gbàgbé irin, ṣùgbọ́n òun ló gbàgbé ẹ̀tù. Ó dìde, ó pe Boise.

"Raelene, wá kó ẹ̀rọ lọ. Kó ìbọn náà. Kó èmi náà."

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá ẹ ní ó tó."

Ó padà sí gáréèjì kó lè tú irin roboto náà, torí ìyẹn nìkan ló fẹ́ mú dání lọ. Ó tú u, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó dúró, ó ń retí kó móoru. Ó tutù, bíi gbogbo irin yòókù nínú gáréèjì.