Sọ́fítíwià Mẹ́ta, Ewúrẹ́ Kan

Bí o bá dé ìsọ̀ Lazarus Ọlájídé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Dọ̀tun, ní Adégbayì, tí o ní kó bá ọ wá sọ́fítíwià tí o máa fi tú iṣẹ́ ìwádìí rẹ, kò ní tan kọ̀ǹpútà. Yóò fa àga sí ọ, yóò fún ọ ní omi inú ọ̀rá, yóò wá bi ọ́ léèrè mẹ́ta: kí lo fẹ́ mọ̀, kí lo kà, báwo lo ṣe kà á. Ìgbà tí ìdáhùn rẹ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ló máa nawọ́ sí bọ́tìnnì. Ó ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra àáké láti fi rẹ́ ilá.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan. Òun ló ń kọ bí ewé ẹ̀gẹ́ ṣe gùn tó àti bí òbúkọ ṣe wúwo tó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọ̀gá ní ọwọ́ àwọn dí, òun ni wọ́n rán lọ kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi wá ìdí tí igi àgbàdo kan fi ga ju òpó iná lọ, kó tó rí i pé òdo kan ni òun fi ọwọ́ ara òun tẹ̀ kún iye tó ga. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bú kọ̀ǹpútà mọ́.

Ó fẹ̀yìn tì, ó gba ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà kan. Ohun tó wà lára pátákó rẹ̀ ni pé ó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun, ti Kérúbù àti Séráfù, ń bẹ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí ẹran àti ohun ọ̀gbìn ló ń júwe ibẹ̀ fún ara wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni Rùqáyyàh ṣe wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tòun ti báàgì kọ̀ǹpútà tí síìpù rẹ̀ ti já.

"Bàbá Dọ̀tun, ẹ káàsán, sà. Sọ́fítíwià kan wà lókè òkun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rà. Wọ́n ní ẹ mọ ọ̀nà ẹ̀."

"Jókòó. Omi rèé. Kí lo fẹ́ mọ̀?"

Ewúrẹ́ ni. Ọmọbìnrin náà ti fa irun létí ọgọ́ta ewúrẹ́ ní abà mẹ́rin lápá Akínyẹlé, ilé ìwádìí sì ti bá a ka DNA tó wà nínú irun náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ewúrẹ́ abà kọ̀ọ̀kan ní ìran tirẹ̀, nítorí àwọn abà náà jìnnà síra. Àmọ́ nígbà tó kó o sínú kọ̀ǹpútà, ewúrẹ́ Abà Lájorin àti ti Abà Ẹlẹ́mù, tí ìrìn wákàtí méjì wà láàárín wọn, jáde bí ọmọ ìyá. Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí rẹ̀ wò ó, ó ní iṣẹ́ ti bàjẹ́: yálà sọ́fítíwià náà kò dáa, tàbí ó ti da irun pọ̀ mọ́ra. Bó bá jẹ́ irun ló dà pọ̀, kó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

"Màmá mi ní agbára àwọn lórí owó ilé ìwé mi mọ lọ́dún yìí. Àbúrò mi ló kàn." Síìpù tó já ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. "Tí mo bá tún un bẹ̀rẹ̀, sà, mi ò ní parí ẹ̀ láéláé."

Lazarus gba fóònù rẹ̀, ó wo iye tí wọ́n ń ta sọ́fítíwià náà.

"Owó yìí á ra ọgọ́ta ewúrẹ́ tí o fà nírun, á tún ra okùn ọrùn wọn. Ọ̀fẹ́ méjì wà tó ń ṣe ohun tí èyí ń ṣe. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ gan-an kò ní àléébù kan."

Ó wá ọ̀fẹ́ méjèèjì jáde. Ọ̀kan ń fà bí ìgbín. Èkejì, bí o kò bá tẹ ọ̀rọ̀ sí i létí, kò ní dá ọ lóhùn. Ó kó iṣẹ́ náà sínú àwọn méjèèjì, ó tún kó o sínú ti Rùqáyyàh, ó ra ẹ̀pà sísè, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń retí. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí, ohun kan náà ni wọ́n wí.

Rùqáyyàh dorí kodò. "Mo ti da irun pọ̀ nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí, tí ẹnu wọn wá kò, ìwọ á ní irọ́ ni wọ́n ń pa? Báwo lo ṣe mọ ẹni tó ni ẹran kọ̀ọ̀kan?"

"Mo bi wọ́n ni. Mo ní, ta ló ni ewúrẹ́ yìí? Ẹni tó bá jẹ́, mo kọ orúkọ ẹ̀."

Àgbàdo tó ga ju òpó iná ló sọ sí Lazarus lọ́kàn.

"Lọ́la, wọ aṣọ tó ṣe é gun ọ̀kadà."

Lábẹ́ igi máńgòrò ní Abà Lájorin ni àwọn méjèèjì ti bá Ìyá Najeem, arúgbó kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n mọ Rùqáyyàh dáadáa.

"Onírun ti dé. Ṣé èyí tí o fà lọ́jọ́sí kò tó ni, àbí o fẹ́ fi hun fìlà?"

Lazarus bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìbéèrè kan la bá wá. Ewúrẹ́ Abà Ẹlẹ́mù tí ọmọ yìí kọ orúkọ Sàníù sí nínú ìwé pé òun ló ni ín, níbo ni ìyá ẹ̀ ti wá?"

"Ọ̀dọ̀ mi ńkọ́? Mo fún un sìn ni."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá pọ̀ á fún ẹlòmíràn sìn. Bó bá bímọ, wọ́n á pín ọmọ náà. Bó bá yá, ẹni tó ń sìn ín á fa ọ̀kan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Báyìí ni ewúrẹ́ kan ṣe ń ti abà dé abà láìfẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

"Àmọ́ Màmá, Sàníù ní òun lòun ni ín," ni Rùqáyyàh wí.

"O bi í níṣojú ìyàwó ẹ̀, o tún mú ìwé dání. Ṣé kó wá ní ewúrẹ́ arúgbó lòun ń bọ́?"

Rùqáyyàh fọwọ́ bo ojú. "Bàbá mi àgbà náà ń fún èèyàn sìn. Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mi ò kàn rò pé ó jẹ́ nǹkan tó ń wọ ìwé."

"Mú ìwé náà jáde," ni Lazarus wí, jẹ́jẹ́.

Ìyá Najeem bẹ̀rẹ̀ látorí ewúrẹ́ funfun kan tí etí rẹ̀ ya, èyí tí ìyá wọn fà lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Wọ́n ka àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ka ọmọ ọmọ, wọ́n ń dárúkọ ẹni tó gba èyí sìn àti ẹni tí tirẹ̀ kú lọ́dún ọ̀dá. Nígbà tí ìrun Àlàásárì tó, àwọn obìnrin méjèèjì dìde lọ kírun. Lazarus jókòó, ó gbá ìwé náà mọ́ àyà, nítorí ewúrẹ́ méjì ti ń yọ́ bọ̀ wá jẹ ẹ́.

Ní Adégbayì, ohun tí wọ́n fi kún iṣẹ́ náà kò ju òpó kan lọ lórí àtẹ: ibi tí ìyá ewúrẹ́ ti wá. Sọ́fítíwià àkọ́kọ́, èyí tí ọ̀gá bú, ni wọ́n lò. Àwòrán tó jáde bá ẹnu Ìyá Najeem mu. Ewúrẹ́ kan péré ni Màmá àti kọ̀ǹpútà kò fẹnu kò lé lórí. Rùqáyyàh pe màmá náà lórí fóònù. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní ó dáa, kọ̀ǹpútà ló jàre.

Ọ̀gá rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ohun tó wá kò tó ohun tó rí. Ó fọwọ́ sí i, ó sì ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó máa gboyè lọ́dún náà nígbà tí Rùqáyyàh kó o wọlé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Rùqáyyàh padà dé ìsọ̀ náà, ó fa abo ewúrẹ́ kékeré kan lọ́wọ́, funfun báláú.

"Ìyá Najeem ló fún mi sìn, sà. Ilé tá à ń gbé kì í gba ẹran. Ẹ bá mi sìn ín."

Lazarus wo ewúrẹ́ náà. Ó ro ewé tó máa jẹ, ó ro okùn, ó ro aṣọ àdúrà tó wà lórí ìṣó. Kò sí ibi tí ìṣirò náà ti dọ́gba.

"Tó bá bí ńkọ́?"

"Màmá mú ọ̀kan, èmi mú ọ̀kan, ẹ̀yin náà mú ọ̀kan."

"Tó bá bí méjì péré?"

"Ẹ ó ní sùúrù di oyún kejì, sà."

Ó gba okùn náà, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Lẹ́yìn náà ló tan kọ̀ǹpútà, ó ṣí iṣẹ́ ọmọ náà, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó tẹ nọ́ńbà ọ̀kànlélọ́gọ́ta.

"Ta ni kí n kọ pé ó ni ín?"

Rùqáyyàh rẹ́rìn-ín. "Ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tí ìyá ẹ̀ ti wá."