Lẹ́tà tí Mo Kà fún Ìyá Oníbúrẹ́dì

Ìyá náà kì í lo ṣíbí. Ọwọ́ lásán ló fi ń yí búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ lórí irin gbígbóná, á sì gbọn ìka rẹ̀ bí ẹni ń lé eṣinṣin. "Jókòó. Báàgì ẹ ń dínà fáwọn tébi ń pa." Èdè Jẹ́mánì tí kò já gaara ni òun ará Mẹ́síkò fi ń bá èmi ọmọ Yorùbá sọ̀rọ̀, ní Billstedt, ní Hamburg.

Ṣọ́ọ̀bù ẹbí ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á yan búrẹ́dì adùn láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ní èbúté, ìyá á wá se oúnjẹ ọ̀sán. Owó kékeré làwọn òṣìṣẹ́ fi ń yó níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa ń dúró de Màmá mi, tó ń tún ọ́fíìsì ṣe. Nígbà tó gbọ́ pé Mùsùlùmí ni wá, ó ra ìkòkò tuntun, ó so okùn pupa mọ́ etí rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kàn án láé. Inú rẹ̀ ló ti ń se àgbàdo lílọ̀ tó fi èèpo àgbàdo wé. Màmá mi tọ́ ọ wò, ó ní, "Ẹ̀kọ tó rìnrìn àjò nìyí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó nu ọwọ́, ó na lẹ́tà kan sí mi. Hausverwaltung ló kọ ọ́, àwọn tó ń bójú tó ilé náà. "Akọ̀wé, kí ni wọ́n wí?"

Wọ́n ní èéfín ṣọ́ọ̀bù ń yọ ayálégbé lẹ́nu. Irọ́ ni. Kò sí èéfín kankan níbẹ̀, àgbàdo àti sínámónì ló ń ta sánsán. Wọ́n ní kó kó jáde; bí ó bá fẹ́ ta kò ó, kó kọ̀wé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin tó sì fọwọ́ sí i máa ń jẹun níbẹ̀. Ìka ló fi ń tọ́ka sí oúnjẹ tó bá fẹ́, nítorí ó mọ̀ dájú pé ìyá náà kò gbọ́ Jẹ́mánì dáadáa, kò sì lè kà á.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Wọ́n ti kọ́ mi nílé pé a kì í ṣàdédé sọ ìròyìn burúkú fún àgbàlagbà. Mo wo ìyẹ̀fun tó wà létí ojú rẹ̀.

"Wọ́n ní kí ẹ máa ṣí fèrèsé, Màmá."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìwé yìí nítorí fèrèsé. Àwọn èèyàn yìí ò níṣẹ́." Ó ti lẹ́tà náà bọ abẹ́ agolo ìyẹ̀fun, ó sì ṣí fèrèsé. Láti ọjọ́ náà, kóòtù ló ń wọ̀ dáná nínú òtútù.

Ìgbà tí lẹ́tà kejì dé ni ọmọ rẹ̀ tó rí ti àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, ìyá náà pè mí. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé o rò pé mi ò ní lè fara da òótọ́ ni?"

Berlin ni mo ń gbé báyìí. Òfin ni mo kà ní yunifásítì, àwọn àgbà àdúgbò sì máa ń gbé lẹ́tà wọn wá bá mi. Mo ń kà á bó ṣe korò tó, títí kan ọjọ́ tí àyè àtakò máa parí. Màmá mi ní ẹnu mi ti le jù. Kó le. Inú ń bí mi sí ọkùnrin tó fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn dòní, ó sì ń bí mi sí ọmọ dáadáa tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí n tó ka lẹ́tà ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ dìde lọ ti fèrèsé.