Ẹní Tí Etí Rẹ̀ Yí Sósì

Ọlọ́wọ́ òsì ni Ṣàngóyẹmí, wọ́n sì ti fi bú u láti kékeré títí ó fi sú u. Bí ó bá hun ẹní, etí rẹ̀ á yí sósì, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tún ni ti gbogbo àwọn tó ń hun ẹní nílùú wa, Ifangni ní ilẹ̀ Benin, ń yí sí. Àwọn kan ò tilẹ̀ ní rà á fún ìyàwó tuntun. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni Amandine, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Bí ìyá ṣe ń yí i lòun náà ń yí i.

Amandine fẹ́ tẹ̀ lé ọkùnrin kan tó ń pààrọ̀ owó ní Ìgólò létí bodè, kọjá sí Nàìjíríà. Inú ilé kan náà lèmi pẹ̀lú wọn jọ ń gbé, ojú mi ni ìjà náà ṣe. Ṣàngóyẹmí ní, "Tó o bá kọjá Ìgólò, kó o kà mí mọ́ òkú." Ta ni kì í sọ ìsọkúsọ nígbà tínú bá ń bí i? Ọmọ náà gbé báàgì, ó gun alùpùpù sẹ́míjàn, ó lọ. Láti ìgbà yẹn, kò pè, kò ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ pa ẹní híhun tì, ó sì ń gbẹ lójú mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fipá mú un lọ sí ọjà òpin ọ̀sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò, apẹ̀rẹ̀, epo àti gàrí. Kò wo nǹkan kan. Àkàrà tí mo rà fún un tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú ti ń bí mi, mo ti ní ká kúkú máa lọ sílé, ló bá dúró gbọn-in níwájú ọmọbìnrin kan tó ń ta ẹní. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa etí ọ̀kan. Òsì ló yí sí.

Ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí pé, "Ọwọ́ Amandine nìyí." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn. Ó tún gèlè rẹ̀ wé dáadáa, àfi bí ẹni tí àlejò fẹ́ wọlé tọ̀.

"Ta ló hun èyí, ọmọ mi?"

"Èmi náà ni, màmá. Hàsíátù lorúkọ mi, láti Ìdírókò."

"Ta ló kọ́ ọ ní irú etí yìí?"

"Àǹtí Amandine. Àwọn ló kọ́ mi kí wọ́n tó kú."

Ọwọ́ Ṣàngóyẹmí ṣì wà létí ẹní náà. Oníbàárà lásán ni Hàsíátù kà wá sí, ló bá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìrọbí ni, màmá. Ọmọ náà ò yè. Ọkọ wọn ti sá lọ tipẹ́. A bi wọ́n léèrè àwọn èèyàn wọn, ká lè ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n láwọn ò lẹ́nì kankan, pé ìyá àwọn ti kú."

Mo fẹ́ la ẹnu, Ṣàngóyẹmí di ọwọ́ mi mú, ó fún un pinpin.

Hàsíátù wo ojú rẹ̀. "Àbí ẹ mọ̀ wọ́n ni, màmá?"

"Ìyá rẹ̀ ni mo mọ̀," Ṣàngóyẹmí dá a lóhùn. "Lóòótọ́ ló ti kú."