Owó Tí Mo Pè Ní Ìbánikẹ́dùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, kí n sọ ohun tójú mi rí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú ẹnikẹ́ni o. Ó kàn ń dùn mí ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Monrovia níbí mọ̀ pé tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀ ní sùkúù kan ní Logan Town. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ló ni sùkúù náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, Mummy ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Nígbà tí mo rí àyè nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan ní Randall Street láti máa ta aṣọ ọmọdé, mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Tẹ̀rín-tẹ̀rín la fi pínyà. Wọ́n san owó oṣù mi tó kẹ́yìn sórí fóònù mi, mo gbàdúrà fún wọn, ó parí. Àbí kí ló tún kù?

Oṣù tó tẹ̀ lé e ń parí lọ nígbà tí àbúrò mi, Wálé, pè láti Ìkirè pé Màámi ti lọ.

Há! Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Owó ọkọ̀ òfuurufú ò sí nílẹ̀, wọn ò sì tíì sanwó fún ọkọ mi níbi iṣẹ́ tiẹ̀. Èmi àkọ́bí, mi ò ní lè lọ síbi ìsìnkú ìyá mi! Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn tíṣà, torí wọn ò tíì yọ mí kúrò níbẹ̀. Àwọn kan fi àwòrán ojú tó ń sunkún síbẹ̀. Mummy ò sọ nǹkan kan. Mò ń retí kí wọ́n yà sílé wa, ẹ ṣáà mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan. Wọn ò yà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí fóònù mi fi dún. Owó wọlé láti sùkúù, iye owó oṣù mi gẹ́lẹ́! Mo kígbe pe ọkọ mi. Mo ní ẹ wá wo Mummy, wọn ò fẹ́ ariwo ni, bí wọ́n ṣe ń bá mi kẹ́dùn nìyí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn àgbàlagbà máa ń fowó ránṣẹ́ sí ọlọ́fọ̀ láìsọ fẹ́nikẹ́ni. Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ bá rò?

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Wálé, òun ló fi ra pósí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, bí mo ṣe ń wò ó lórí fóònù, mo gbọ́ tí wọ́n ń kéde rẹ̀ pé ibi iṣẹ́ Àǹtí Bùnmi ní Liberia ló ra pósí yìí fún Màmá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo sunkún gan-an, ṣùgbọ́n ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé ẹnìkan bá mi dúró síbẹ̀.

Ni mo bá ṣe ohun tí àwa onígbàgbọ́ máa ń ṣe. Lọ́jọ́ Sunday, mo jáde síwájú ìjọ, mo gba máìkì, mo jẹ́rìí! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mummy lójú gbogbo ayé. Ìjọ hó yèè. Mummy jókòó níwájú níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn rí bákan. Mo rò pé ìtìjú ni.

Láàárọ̀ Monday, Mummy fúnra wọn pè mí. Wọ́n ní ẹ̀rí tí mo jẹ́ ya àwọn lẹ́nu, làwọn bá ní kí akápò sùkúù lọ wádìí. Ó ṣèèṣì san owó oṣù fún mi ni, torí kò tíì yọ orúkọ mi kúrò láàárín àwọn tíṣà. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n dá a padà. Ohùn wọn tutù, wọn ò bú mi rárá. Wọ́n tiẹ̀ ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Wọn ò dárúkọ ìyá mi o!

Mo fẹ́ sọ pé owó ti di pósí, pósí sì ti wọlẹ̀. Mo kàn ní ẹ ṣé mà.

Ṣé kí n wá bá wọn jà ni? Owó wọn ni, mi ò jiyàn. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì san án díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe owó. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó bá mi kẹ́dùn rárá. Èmi ni mo dá a rò!

Lọ́jọ́ tí mo lọ san èyí tó kù, Flomo, akápò yẹn, ni mo bá ní ọ́fíìsì. Ọmọ Liberia ni. Mò ń gbọ́ ohùn Mummy ní yàrá kejì, wọn ò jáde. Flomo gba owó náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú.

"Teacher, I hear your ma die. Never mind ya."

Bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀ níbí nìyẹn. Ó wá bi mí pé kí lorúkọ Màámi. Mo sọ fún un. Ó gbìyànjú láti pè é, kò pè é bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó pè é. Mo bú sẹ́kún níwájú ẹ̀. Gbogbo ẹkún tí mi ò rí ẹni sun ún sí lọ́rùn láti ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni mo sun ún sí.

Lánàá, Wálé tún ní kí n bá òun kí àwọn ará sùkúù tó ra pósí. Mo ní wọ́n á gbọ́. Mi ò tíì lè sọ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, tí owó tí kò yé yín bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n èyí tó jù lọ́kàn mi rèé: tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, ẹ yà sọ́dọ̀ ẹ̀. Kódà tọ́wọ́ yín bá ṣófo, ẹ ṣáà yà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló kọ́kọ́ wá kí yín nígbà tí tiyín ṣẹlẹ̀? Àbí kò sẹ́ni tó wá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni yín tó lọ. Màá pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá tèmi ń jẹ́.