Orrin Haugland àti Ẹ̀dínwó Ìjọba

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ni Orrin Haugland wọ ilé ìtajà ọkọ̀ kan ní Iowa, ó jókòó sínú ọkọ̀ tuntun tó ń fi epo àti bátìrì rìn, ó tilẹ̀kùn mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì. Ìjọba ti ṣèlérí láti dín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là nínú owó orí ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìdajì ni yóò kù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Kirby, ẹni tó ń tà á, ń bẹ̀ ẹ́.

"Yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là kúrò lórí ẹ̀."

"Mi ò lè yọ ọ́, Bàbá."

"Kò burú. Búrẹ́dì ṣì kù méjì."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé ìtajà, Kirby yọ ọ́. Orrin ní kó gba búrẹ́dì kan.

Ahun kọ́ ni. Kíndìnrín Verla ìyàwó rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń rin ogójì máìlì lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù wọn sì ti mu epo títí tápò wọn fi gbẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn ni Orrin fẹ́ fi máa gbé e lọ.

Lorna Stubbe, tó ti ń kọ ìwé owó orí fáwọn àgbẹ̀ agbègbè náà fún ọgbọ̀n ọdún, ni ọ̀rọ̀ náà já lé lọ́wọ́ ní oṣù kẹta, nígbà tí iṣẹ́ owó orí pọ̀ débi pé ojú rẹ̀ ti wú fún àìsùn.

"Bàbá Orrin, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún yín."

"Báwo? Ṣé mi ò ra ọkọ̀ ni?"

"Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n owó orí téèyàn bá jẹ ni wọ́n ń dín. Ẹ̀yin ò jẹ rárá."

Òótọ́ ni. Ogún ọdún ni Orrin ti ń fọ́nnu pé ìjọba ò rí sẹ́ǹtì kan gbà lọ́wọ́ òun. Gbogbo ìnáwó oko ló ń kọ sílẹ̀ kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú èrè tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí, títí kan oúnjẹ ológbò. Ó ní ológbò ń pa eku, òṣìṣẹ́ ni.

"Yáa wá owó orí tí n ó jẹ fún mi! Yọ ológbò kúrò."

"Tí mo bá yọ gbogbo ẹ̀, ẹ máa jẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, wọ́n á dín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Òfo ló máa kù."

Orrin nawọ́ sí ìwé náà. "Ṣùgbọ́n ó máa wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n dín in fún mi?"

Lorna gbórí lé tábìlì.

Bí owó ò ṣe wá, Orrin bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wakọ̀ kí epo má baà tán. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́pàá kan dá a dúró, ó ní ìrìn rẹ̀ ti falẹ̀ jù. "Ọ̀gá," ni Orrin wí, "ṣé epo yín ni mò ń sun ni?"

Orrin kú nígbà òtútù tó kọjá. Verla fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé owó orí ọkọ rẹ̀ wá fún Lorna. Lorna kọ "olóògbé" sókè ìwé náà bí òfin ṣe wí.

"Wákàtí kan ààbọ̀ la fi ń dé ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi," ni Verla sọ. "Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ariwo ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ìgbà tá a ra ọkọ̀ tuntun tí kì í pariwo yìí ni mo tó mọ̀ pé Orrin máa ń kọrin."

"Ṣé ohùn ẹ̀ dáa?"

"Rárá o!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Verla fi nu ojú.

"Ọmọ aládùúgbò wa ló ń gbé mi lọ báyìí," ló wí. "Mo ti sọ fún un pé kó má sáré."