Ara Tí Kò Lábùkù

Apá ọ̀tún mi kì í ré kọjá èjìká mọ́. Bí mo bá fẹ́ wọ agbádá, ìyàwó mi ló máa ń bá mi gbé e. Àwọn dókítà ní oríkèé ibẹ̀ ti jẹ. Wọ́n béèrè iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà èwe, mo ní iṣẹ́ akọ̀wé ni, wọ́n sì wo ara wọn lójú. Kò wù mí láti máa ṣàlàyé fún wọn pé irin ni mo gbé, pé ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́ náà. Àlàyé ọ̀hún gùn, ó sì ti sú mi.

Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí. Iléṣà ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ìlú olótùútù ni Jọ́ọ̀sì, kì í ṣe ibi tó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ti máa kọ́ ara rárá. Bí ọyẹ́ bá ti dé, súwẹ́tà ni tọmọdé tàgbà ń wọ̀, àwọn mìíràn a tún wọ kóòtù lé e. Ta ni yóò wá rí apá tí o ti ń fi irin kọ́ láti ọdún tó kọjá? Ohun tó fà á nìyẹn tí àwa tí a ń gbé irin fi máa ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ sọ́jà ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ètè wa á bẹ́, eyín wa á máa lu ara wọn, a ó sì máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ooru ń mú. Àfọwọ́fà ni, a sì fi owó ara wa ra òróró tí a fi ń pa ara.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan ní Naraguta la ti ń gbé irin ní àwọn ọdún yẹn, láti ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà la ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Èkìtì ni, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ó níyàwó kan tó ń ránṣọ, ó sì bí ìbejì. Ó ti ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà rí. Nígbà tí iṣẹ́ ibẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, ó ra lára àlòkù irin wọn, ó kó ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ru yẹ̀pẹ̀, ó sì jó wọn mọ́ ọ̀pá. Àwọn kéékèèké ni agolo mílíìkì tí a da sìmẹ́ńtì sí. Kò sẹ́ni tó mọ bí èyíkéyìí nínú wọn ṣe wúwo tó. A kàn mọ̀ wọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ àwọn àna rẹ̀ ni: èyí rọrùn, èyí le, èyí ni kí o má dá nìkan lọ bá.

Bàbá mi kò yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ti rí mi tí mo ń ti ẹ̀yìn ilé wọlé, á ní, "Kí lẹ tiẹ̀ ń gbé gan-an? Ṣé rélùwéè ti ní kí ẹ wá máa fọwọ́ ti ọkọ̀ ojú irin ni?" Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá máa ń fa ọmọbìnrin wọn sí apá kejì bí mo bá jókòó tì wọ́n, nítorí lójú wọn, ẹni tí àyà rẹ̀ bá fẹ̀ tó báyìí, ìpáǹle ni. Bí ìbò bá ń bọ̀, àwọn olóṣèlú a rán ènìyàn wá wò wá bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Bí ìbò bá lọ, ọlọ́pàá a wá wò wá bákan náà.

Ìyẹn kò tiẹ̀ dùn wá tó bẹ́ẹ̀, torí ìdájọ́ tí a ń ṣe fún ara wa le jù ú lọ. Ní Sátidé tó bá parí oṣù, a ó kọ́kọ́ sáré dé ibi ìsédò Lamingo, a ó sáré padà, a ó sì bọ́ra ku pátá. Àpótí onípákó kan wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wa á gun orí rẹ̀, àwọn tó kù á rọ̀gbà yí i ká, oníkálukú á sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀. "Ẹ̀yìn rẹ ṣì ń sùn." "Apá òsì ń rẹ́ ọ̀tún jẹ." "Ẹsẹ̀ wo rèé, àbí ti lékeléke?" Ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ fèsì. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà fún un ni kó dúpẹ́ ní Haúsá, "Na gode," kó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n gbà pé ìyìn ló ń sọ iṣan di ọ̀rá, òun gan-an sì máa ń gun àpótí náà bíi tiwa. Àwa náà kì í dá a sí.

Èmi ni wọ́n ń bá wí nípa ẹsẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí tí mo fi ń wọ ṣòkòtò gígùn sùn nínú yàrá tí èmi nìkan wà. Ojú ìdájọ́ yẹn kò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Pásítọ̀ á máa wàásù, èmi á máa wo èjìká rẹ̀ bóyá ó dọ́gba. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọge kan rẹwà, mo lọ wò ó, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó ń rẹ̀ mí nígbà náà pàápàá, mo kàn rò pé àárẹ̀ irin ni.

Ìgbàgbọ́ wa tó lágbára jù lọ ni pé ọ̀tá ni omi. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ wa. Ó ní abẹ́ awọ ni omi ń lúgọ sí, òun ló ń bo iṣan mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ìdíje ara kíkọ́ ti ìpínlẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a kì í mumi, a kì í jẹ iyọ̀. Obì la ó máa jẹ, a ó sì máa tutọ́. Ìgbà yẹn náà ni mílíìkì àti ṣúgà wọ́n bí ojú, tí àwọn ènìyàn ń tò fún un láti òwúrọ̀. Ẹ̀wà, ànàmọ́ òyìnbó àti fùrá oní-nónò, jéró tí àwọn Fúlàní ń pò mọ́ wàrà, la fi ń gbéra ró. Láti ibẹ̀ lọ sórí irin, láti orí irin lọ sórí àpótí.

Gbogbo ìdíje tí Ẹ̀gbọ́n lọ, ipò kejì ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn adájọ́ máa ń sọ: ó tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá kò jẹ́ kí ilà ara rẹ̀ hàn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó pè wá jọ, ó ní, "Ẹ̀yin àbúrò mi, bí kò bá bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí, mo ti jáwọ́. Mi ò lè máa bá àwọn ọmọ mi dupò."

Bí òjò ṣe dáwọ́ dúró ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ikùn ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni iṣan ọrùn yọ, lẹ́yìn náà ti àyà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí nǹkan tó ṣe mí ní kàyéfì. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù láìkan ilẹ̀kùn, mo bá a nídìí dúrọ́ọ̀mù omi, ó ń bu omi mu, ó tún ń bu òmíràn kí ti àkọ́kọ́ tó délẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú tì í. Ó ní èéfín irin jíjó ló ń gbẹ òun lọ́fun, pé kí n má sọ fún àwọn tó kù. Bí a bá ń sáré lọ sí Lamingo, á jókòó sórí òkúta lójú ọ̀nà. Agbára ló ń tọ́jú, àwa sọ bẹ́ẹ̀ fún ara wa.

Ó wá di Sátidé àpótí. Ẹ̀gbọ́n bọ́ra, ó gun orí rẹ̀. A yí i ká lẹ́ẹ̀kan, a tún yí i ká. Awọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iṣan bí bébà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ògiri. A lè ka gbogbo okùn inú itan rẹ̀. Ọmọ Bẹ̀rọ́ọ̀mù kan wà láàárín wa, olóṣòwò búrẹ́dì, tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú gbogbo wa, tí kò sí ara tí kì í rí àléébù sí. Òun náà ya ẹnu. Ó ká ọwọ́ lérí.

"Kai, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Babu komai." Kò sí nǹkankan tó kù, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Gbogbo wa pátẹ́wọ́. Kò ṣẹlẹ̀ rí lábẹ́ igi yẹn. Ẹ̀gbọ́n dúró lókè, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì gbàgbé láti dúpẹ́. Mo láyọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé èmi ni wọ́n yìn, mi ò ní purọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ wá bá wa. Ó ti ṣọ́ ìgbà tí ọkọ rẹ̀ lọ ra irin kó tó wá. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ dákun, ẹ bá mi bá Bàbá Ìbejì sọ̀rọ̀. Tiyín nìkan ni wọ́n ń gbọ́."

"Ṣé kò sí o, Ìyá Ìbejì?"

"Wọ́n ń rù. Ẹ̀yin ò rí i ni? Ṣòkòtò wọn tí mo dín lóṣù tó kọjá, mo tún ti dín in. Wọ́n ń mumi bí ẹni tó jẹ iyọ̀ yó, wọ́n á sì tọ̀ mọ́jú. Ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, èèrà á ti ṣù bò ó kílẹ̀ tó mọ́. Àrùn tó pa ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn. Mo ní ká lọ sí ọsibítù, wọ́n ní mi ò mọ nǹkankan nípa ara."

Èmi ni mo dá a lóhùn, torí èmi ni akọ̀wé, èmi ni wọ́n gbà pé ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kì í ṣe pé wọ́n ń rù. Wọ́n ń gbẹ fún ìdíje ni. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn."

Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó nà án sí mi. "Àbúrò mi, èmi ni mò ń wọn ìbàdí wọn."

"Haba, Mama, ki yi hakuri," oníbúrẹ́dì ní, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. "Bí ìdíje bá ti parí, á jẹun, á sanra padà."

Ó mi orí, ó sì lọ. Nígbà tó ti jìnnà, a rẹ́rìn-ín díẹ̀. A ní obìnrin ò mọ ìyàtọ̀ ara. Síbẹ̀, a jíṣẹ́ rẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n nígbà tó dé. Kò bínú. Ó fi aṣọ nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọsibítù tí mo bá dé báyìí, omi ni wọ́n máa fà sí mi lára. Gbogbo ohun tí mo ti gbẹ á tún wú padà. Ẹ jẹ́ kí ìdíje lọ ná, mo máa lọ." Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí wa. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó jiyàn.

Bí ọjọ́ náà ṣe sún mọ́, kò fi ẹnu kan omi mọ́. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é, pẹ̀lú irú òǹgbẹ tí mo fojú ara mi rí. Èémí rẹ̀ ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Àwa la fi òróró ẹ̀pà pa á lára lẹ́yìn pèpéle nínú gbọ̀ngàn ìdíje. Nígbà tó jáde síta tó ká apá, tó sì fẹ ẹ̀yìn, àwọn èrò dìde dúró. Haúsá, Bẹ̀rọ́ọ̀mù, Íbò, Yorùbá, gbogbo wọn ń pariwo. Àwọn adájọ́ tó ti ń fi í sípò kejì kò tiẹ̀ jókòó pẹ́. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́.

Nígbà tó wọlé padà, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ní òtútù ń mú òun, pé kí a bu omi fún òun. Ẹnì kan nínú wa sọ pé kó ṣe sùúrù díẹ̀, onífọ́tò ń bọ̀, kí ara má tíì rọ̀. Ó gbà. Onífọ́tò dé, Ẹ̀gbọ́n dìde, ó gbé ife náà sókè, ó fẹ àyà. Iná fọ́tò kọ mànà. Ó fẹ́ jókòó padà, kò rí bẹ́ńṣì náà mọ́, ó sì ṣubú.

Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù la fi gbé e dé ọsibítù. Mi ò fẹ́ sọ bó ṣe fúyẹ́ tó lọ́wọ́ wa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, pé ó ti pẹ́ lára rẹ̀, pé àìmumi ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Wọ́n fa omi sí i lára, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Dókítà jáde sí wa ní kọ́ríídọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó wọ súwẹ́tà sábẹ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó sì ti rẹ òun náà. Ìyá Ìbejì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sunkún. Dókítà wo àyà wa, ó wo apá wa.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń wà pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́," ó ní. "Ẹnì kankan nínú yín kò rí i pé ọkùnrin yìí ń rù?"

Ìyá Ìbejì gbójú sókè, ó ń wò mí, ó fẹ́ gbọ́ ohun tí mo máa sọ.

"A rí i," mo ní. "Ó wù wá ni."