Káfíńtà Tí Ìjọba Ń Gba Ìmọ̀ràn Lẹ́nu Rẹ̀

Nígbà tí ìwé dé pé wọ́n ti fi káfíńtà sínú ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ìjọba ìbílẹ̀, ó wọ ṣòkòtò tuntun, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìlú ti wá mọ iyì òun. Ìyàwó rẹ̀ ní kò burú, kó ṣáà kọ́kọ́ parí ilẹ̀kùn oníbàárà tó ti gbé kalẹ̀ láti oṣù tó kọjá.

Ọdún méjì ló fi gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó ní kí wọ́n má gbẹ́ gọ́tà gba iwájú ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n mi orí, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbẹ́ ẹ gba iwájú ilé ẹ̀kọ́. Ó ní kí wọ́n fi afárá sí i nígbà náà. Wọ́n tún dúpẹ́. Ká ní ọpẹ́ ṣeé fi ṣe afárá ni, ọkọ̀ akẹ́rù ì bá ti máa gba orí rẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé pín ìwé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ náà gan-an ni. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé tayọ̀tayọ̀ ni gbogbo ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ gọ́tà tí wọ́n ti gbẹ́ tán, àti pé káfíńtà ló dábàá rẹ̀.

Ó rọra dìde. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ibi tí mo ti máa sọ̀rọ̀, kí n má baà ṣì í sọ."

Ránṣọránṣọ kan tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, tó jókòó tì í, bú sẹ́rìn-ín. Alága ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń yá nìyẹn. Káfíńtà ní òun ò ní fọwọ́ sí i, ránṣọránṣọ náà kọ̀. Akọ̀wé ní kò séwu, ìbuwọ́lùwé wọn ti èṣí ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ká káfíńtà lára. Ní Sátidé, òun àti ránṣọránṣọ kó pákó, wọ́n kan afárá sórí gọ́tà fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí alága fi kó àwọn oníròyìn dé, tó gé rìbọ́ọ̀nù lórí pákó tí kò náwó sí, tó ní ìmọ̀ràn ará ìlú ló sèso. Wọn ò pe káfíńtà síbẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, pé kó wá dámọ̀ràn ibi tó yẹ kí wọ́n ṣe afárá sí.

Ìyàwó rẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá wọn, ṣé ẹ máa lọ?"

"Màá lọ. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á ṣáà kọ ọ́ pé mo wá."